Ọkọ̀ Kò Dúró De Ivaldo

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ìtàn yìí tì láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á dé ìlà tó kẹ́yìn kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

1.
Ivaldo ń wa kíréènì ní èbúté wa ní Genoa. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń gbé ẹrù sínú ọkọ̀. Òun àti Ornella ìyàwó rẹ̀ ti túká, ọ̀dọ̀ ìyá sì ni àwọn ọmọ wọn méjèèjì ń gbé: Tullio, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti Nives, ọmọ ọdún márùn-ún.

Ivaldo bẹ adájọ́ pé kí àwọn ọmọ máa lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ òun, kí wọ́n lo ìkejì lọ́dọ̀ ìyá wọn. Adájọ́ ní, "Kọ́kọ́ mú wọn lọ fún ìsinmi ọjọ́ méje. Bí o bá tọ́jú wọn dáadáa, tí o sì mú wọn bọ̀ ní àlàáfíà, màá gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ."

Ivaldo mú wọn wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ńlá kan tó ń ti Genoa lọ sí Palermo, tó ń ti ibẹ̀ lọ sí Malta kó tó padà wálé. Ornella sìn wọ́n dé èbúté.

"Bàbá Tullio, mo bẹ̀ ọ́ o, má fi wọ́n sílẹ̀ lọ síbì kankan. Mo mọ̀ ọ́. Tí o bá ti rí wáìnì àti ọ̀rẹ́, o ti gbàgbé orúkọ ara rẹ nìyẹn."

Ivaldo rẹ́rìn-ín. "O ò ní yé bá mi wí bí ọmọdé? Ọkọ̀ ojú omi lo wá fẹ́ kọ́ èmi?"

2.
Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ dùn bí oyin. Nives kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ lórí àtẹ́lẹwọ́ bàbá rẹ̀. Tó bá fẹ́ sùn, á di etí bàbá rẹ̀ mú, kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀ títí oorun á fi gbé e lọ.

Tullio bi í pé, "Bàbá, tí a bá ti ń gbé lọ́dọ̀ yín, ṣé ẹ lè máa se pasta tó dùn báyìí?"

"Èyí dùn ni? Tèmi á jù ú lọ!"

Ó ṣèlérí pé tí àwọn bá dé Palermo, òun á mú wọn lọ wo eré àwọn ọmọlangidi onígi tí wọ́n ń fi okùn fà, tó ń fi idà jà.

3.
Wọ́n dé Palermo. Gaspare, ọ̀rẹ́ Ivaldo tí wọ́n jọ wa kíréènì tẹ́lẹ̀, pè é lórí fóònù pé kó wá sílé òun létíkun. Ẹja túnà tútù ti wà lórí iná, wáìnì ti wà nínú yìnyín. Ivaldo wo àwọn ọmọ, ó wo fóònù, ó sì mú àwọn ọmọ lọ sí yàrá ìṣeré tó wà nínú ọkọ̀.

"Bàbá, àwọn ọmọlangidi ńkọ́?"

"Oòrùn ti mú jù. Ẹ ṣeré níbí. Kí ẹ tó jẹun ọ̀sán tán, màá ti dé."

Edvige, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú àwọn ọmọ níbẹ̀, kìlọ̀ fún un. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, aago mẹ́rin ààbọ̀ ni kí ẹ ti wọlé. Aago márùn-ún ni ọkọ̀ ń ṣí. Tí ẹ bá bá mọ́tò tiwa jáde, ọkọ̀ á dúró dè yín. Ẹni tó bá dá jáde, kò ní dúró dè é o."

"Ọmọ mi, kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti wà ní èbúté. Mi ò rí ọkọ̀ tó ṣí lásìkò rí. Ọkọ̀ ń dúró de àpótí tòmátò, èmi ni kò wá ní dúró dè?"

Òótọ́ ló sọ nípa ọkọ̀ akẹ́rù. Ìyẹn gan-an ló kó bá a.

4.
Nígbà tó di aago mẹ́ta nílé Gaspare, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Àwọn ọmọ rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ń ṣeré. Bu wáìnì sí i."

Aago mẹ́rin, Gaspare ní, "Ivaldo, dìde o."

"Jókòó jàre! Bí ìyàwó mi àtijọ́ lo ṣe ń sọ̀rọ̀."

Fóònù rẹ̀ wà nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì tó fi kọ́ sí yàrá Gaspare. Edvige pè é ní ìgbà mọ́kànlá. Nígbà tó máa fi dìde, àwọn tó ń ti etíkun bọ̀ ti kún gbogbo títì.

Ó sáré dé èbúté. Ọkùnrin kan tó ń bójú tó èrò na àpò ìwé sí i. "Ẹ̀yin ni Ivaldo? Wọ́n ti ṣí yàrá yín nínú ọkọ̀, wọ́n mú ìwé ìrìnnà yín sílẹ̀ fún yín; òun nìyí."

Omi ti wà láàárín ọkọ̀ àti ilẹ̀.

"Àwọn ọmọ mi wà nínú rẹ̀! Òṣìṣẹ́ èbúté ni mí!"

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ èbúté, ẹ ò mọ ọkọ̀ èrò? Wọ́n ti pe ìyá wọn. Ó ní kí wọ́n má ṣe sọ àwọn ọmọ òun kalẹ̀ sí ìlú tí wọn ò ti rí bàbá wọn. Ó máa wọ bàálù lọ pàdé wọn ní Malta."

Ivaldo gbójú sókè. Edvige gbé Nives dúró lókè ọkọ̀. Ọmọ náà ń juwọ́ méjèèjì, ó rò pé eré ni. Tullio wo bàbá rẹ̀, ó sì yí ẹ̀yìn padà.

5.
Nígbà tí Ivaldo máa fi dé Malta, Ornella ti gba àwọn ọmọ. Kò pariwo.

"Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ ọ́, Ivaldo."

Ivaldo kúnlẹ̀ níwájú Tullio. "Ọmọ mi, ṣebí o mọ̀ pé mò ń bọ̀?"

"Ẹ ní kí a tó jẹun tán. Nives kọ̀, kò jẹ tiẹ̀ tán. Ó di ìdajì búrẹ́dì mú títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ní kí ọ̀rọ̀ yín má bàa di irọ́."



6.
Adájọ́ ka ìwé tí wọ́n kọ láti inú ọkọ̀. Kò pẹ́ rárá tó fi kọ ẹ̀bẹ̀ Ivaldo. Ní báyìí, wákàtí méjì péré ni Ivaldo ń rí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì, nínú yàrá ìjọba kan, pẹ̀lú obìnrin kan tó jókòó tì wọ́n, tó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Tullio kì í sábà sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, Ivaldo fa Nives mọ́ra, ó sì gbé etí rẹ̀ sún mọ́ ọwọ́ ọmọ náà. Nives ò dì í mú. Ó wo obìnrin ìjọba náà, ó ní, "Mà, ṣé àsìkò ti tó ká máa lọ?"

Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣọ́ra o! Ẹ má tìtorí ìgbádùn wákàtí mẹ́ta ta ọmọ tí ẹ fi ọjọ́ ayé yín bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ má sì rò pé ohun tí ẹ mọ̀ nídìí iṣẹ́ yín ni ẹ fi mọ gbogbo ayé. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.