Iná Inú Wáyà Eríálì

Kí ọmọge kan tó mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ kí àwọn òbí rẹ̀, ó ti kìlọ̀ fún un. “Ẹnjiníà rédíò tó ti fẹ̀yìn tì ń bẹ nílé wa. Tí wọ́n bá rí ìwàǹwára lọ́wọ́ ẹ, wọn ò ní gbà kí n fẹ́ ẹ.” Ọ̀rọ̀ yìí ká ọ̀dọ́mọkùnrin náà lára, torí Wàràwàrà làwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é, orúkọ náà sì yẹ ẹ́.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó bá bàbá ọmọge náà níwájú tẹlifíṣọ̀n tí kò mú àwòrán. Bàbá fajú ro.

“Wọ́n ní eríálì niṣẹ́ ẹ. Bá wa wò ó.”

Wàràwàrà mọ̀ pé ìdánwò ti dé.

Ìyá ti gbé àkàbà ti ògiri dè é lẹ́yìnkùlé, ó sì bá a dì í mú. Wàràwàrà gùn ún wéréwéré, ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́ kan ibi tí wọ́n ti so wáyà, ló bá dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀.

“Ṣé òòyì ń kọ́ ẹ ni?” ìyá bi í.

“Rárá, mà. Mo fẹ́ lọ yọ iná lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ná. Inú wáyà yìí kan náà niná ń gbà lọ bá ẹ̀rọ kékeré tó ń ran eríálì lọ́wọ́ lókè. Bí mo bá ń tú u tí irin méjèèjì tó wà nínú rẹ̀ kanra, nǹkan lè jó.”

“Iná kẹ̀? Nínú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí?”

Wàràwàrà fi sùúrù ṣàlàyé fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Lẹ́yìn náà ó wọlé lọ yọ iná. Bàbá pòṣé. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Nígbà tó gòkè padà, ó rí ohun tó ń fà á: apínwáyà, ìyẹn ohun tó ń pín wáyà kan sí méjì, tí wọ́n fi sáàárín ń jẹ́ kí àwòrán kọjá, ó sì ń dí iná lọ́nà.

“Iná ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ òkè rárá, mà. Ẹni tó fi èyí síbẹ̀ ò mọṣẹ́.”

“Ó mà ṣe o,” ni ìyá wí.

Bàbá yọrí lójú fèrèsé. “Ẹ ò tíì parí? Bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ o!”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo fẹ́ sáré lọ ra èyí tó ń jẹ́ kí iná kọjá ni.”

Ìyá ki ọwọ́ bọ àpò, ó na ọ̀kan sí i, ó ní, “Má wulẹ̀ sáré, ọkọ ọmọ mi, èyí tí mo yọ níbẹ̀ láàárọ̀ nìyí, bí mo ṣe máa ń dán àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wò nílé iṣẹ́ rédíò náà nìyẹn, kí n lè mọ ẹni tó máa yọ iná kó tó fọwọ́ kan wáyà.”