Ọkọ Rere Tí Ogun Dá Padà fún Verna

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Delbert Haugen ní ìlú kékeré kan ní Nebraska, ṣọ́ọ̀ṣì kún dẹ́nu. Bàbá arúgbó kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí wọ bọ́ọ̀sì wá láti Oregon. Ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó gbé fìlà lé orúnkún.

Pásítọ̀ Lindahl ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ọkọ rere ni Delbert, baba rere, akọni ogun Korea. Ó ní bí gbogbo ọkùnrin bá rí bíi tirẹ̀, iṣẹ́ pásítọ̀ ìbá ti tán láyé. Àwọn tí ìyàwó wọn jókòó tì wọ́n dojú kọlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Joyce, àkọ́bí, dìde.

"Mi ò ní parọ́ nílé Ọlọ́run. Màmá sọ fún wa pé kí Bàbá tó lọ sógun, ọ̀mùtí ni wọ́n, ìgbájú ò sì jìnnà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà náà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dé, wọn ò fẹnu kan ọtí mọ́ láéláé. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dé gan-an ni Màmá ní ká kó kúrò ní Dakota wá síbí. Màmá máa ń sọ pé ogun tó ba ti ẹlòmíì jẹ́ ló tún tàwọn ṣe."

"Olúwa ló ń sọni di ẹ̀dá tuntun!" ni Pásítọ̀ fi gbè é lẹ́sẹ̀. Ìjọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń nu omijé. Àlejò náà ń yí fìlà rẹ̀ po.

Ó kan Clifford, olórí àwọn ológun fẹ̀yìntì. Ó ní Delbert nìkan ló di afárá kan mú nígbà tí ọ̀tá ń ya bọ̀ bí eṣú.

"Ọkọ̀ ọ̀dùnkún ló ń wà," ni àlejò náà sọ wẹ́lẹ́ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́. Ta ló ń yìnbọn ẹ̀yẹ níbi ìsìnkú awakọ̀ ọ̀dùnkún?"

Wọ́n yìnbọn náà. Wọ́n ká àsíá tó bo pósí, wọ́n gbé e fún Verna opó.

Nígbà tí wọ́n ń mu kọfí nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, Joyce rí àlejò náà níbi tó dá dúró sí.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Níbo lẹ ti mọ Bàbá wa?"

"A jọ wà ní Korea ni. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gbé wa délé la pínyà. Ilé àti ọmọ ṣáá ló máa ń sọ pé òun fẹ́."

"Bàbá wa nìyẹn!" Joyce bú sẹ́kún. "Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Ẹ lọ́mọ?"

Ó wo imú Joyce títí, ó wá gbójú kúrò. "Èmi ò lè gbélé, ìyá."

Joyce fà á lọ́wọ́ lọ bá màmá rẹ̀.

"Màmá, ẹni tó bá Bàbá jagun rèé!"

Verna wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. Ó ní kí Joyce lọ bu kọfí wá fún àlejò. Ìgbà náà ló fa apá aṣọ bàbá náà títí etí rẹ̀ fi kan ẹnu Verna.

"Delbert," ló wí wẹ́lẹ́, "o ṣeun o: ẹni tí o yọ̀ǹda orúkọ rẹ fún, tí o rán wá bá mi yẹn, ọkọ gidi ni."