Ojú-Ìwé Tó Kọ Àtúnṣe

Kíkẹ́lọmọ ló fi Jáfà, èdè kọ̀ǹpútà, kọ pọ́tàlì tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn l'Ádó ń gbé èsì ìdánwò sí.

Ọ̀gá rẹ̀ dúró lé e lórí.

"Yí ojú-ìwé èsì Níìfẹ́mi kúrò ní wíwò nìkan. Gbé e sí àtúnṣe."

"Èsì ti jáde, sà. Kóòdù mi ò ní gbà."

"Ṣebí ìwọ lo kọ ọ́? Yọ ìdènà yẹn. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi á mọ̀."

"Máàkì méjì péré ló fi já!"

"Kó tún ìdánwò náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀."

Omijé lé ròrò sójú Kíkẹ́lọmọ, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan.

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Ìyá Níìfẹ́mi, ṣé ìwọ kọ́ lo bí i ni?"

"Èmi ni, sà. Ẹ jẹ́ kó wo tiẹ̀ bí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ṣe ń wo tiwọn."