Àga Pálọ̀ Láyíwọlá

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Jemilat gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé ẹnu géètì ilé kan ní Surulere. Iṣẹ́ àga fífọ̀ ló ń ṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti ti bébà tó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí sábẹ́ géètì náà. Kò ti irú rẹ̀ sábẹ́ géètì mìíràn ní àdúgbò yẹn.

Christabel, ìyàwó ilé, ló ṣílẹ̀kùn. Kò rí obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀, ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Jemilat ni ìyàwó ilé yìí. Láyíwọlá ọkọ rẹ̀ ló da aṣọ rẹ̀ síta nínú òjò, tó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, tó sì gbé Christabel wọlé kí oṣù náà tó parí.

"Àǹtí, ẹ bọ́ bàtà yín síta," ni Christabel wí. "Àga mẹ́fà ni. Ọ̀gá ọkọ mi ń bọ̀ wá kí wa ní Sátidé."

"Ó dáa, mà."

Jemilat fúnra rẹ̀ ló yan aṣọ àga náà ní Mushin, tó sì dúró ti oníṣẹ́ títí ó fi kan ìṣó ìkẹyìn. Ní báyìí, epo ọbẹ̀ ti ta sí ọ̀kan, òróró irun sì ti dúdú sára ẹ̀yìn gbogbo wọn.

"Obìnrin tó wà níbí kí n tó dé ló bà wọ́n jẹ́," ni Christabel ń sọ. "Ọkọ mi ní ọ̀bùn paraku ni. Ó ní òórùn rẹ̀ ló lé òun kúrò nílé."

Jemilat ṣí àpò rẹ̀. Kẹ́míkà kan wà nínú ìgò níbẹ̀ tó lè bó àwọ̀ aṣọ èyíkéyìí ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó mú un lọ́wọ́, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà, ó dá a padà sínú àpò.

Ó fa eruku inú gbogbo kọ̀rọ̀. Ó po ọṣẹ mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó fún kànìnkànìn dáadáa kí fóòmù má baà mu omi, ó sì rọra fi búrọ́ọ̀ṣì gba ibi tí aṣọ dojú kọ. Ó ya fọ́tò àga kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ṣe tán, ó tú kọ́tìnì wálẹ̀.

"A ò sọ ti kọ́tìnì o," ni Christabel wí.

"Mo mọ̀, mà. Kọ́tìnì tó dọ̀tí máa ba ẹwà àga jẹ́ ni."

Ó fọ ìyẹn náà. Nígbà tó ń lọ, ó ní, "Ẹ tan fáànù sí wọn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó sí wọn títí di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ sọ fún baálé ilé náà."

"Níbo la wá máa jókòó sí?"

"Ẹ wá àga oníke."

Christabel rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ yín jù."

"Ẹni tó máa jókòó síbẹ̀ ni mò ń rò."

Orí àga oníke ni Láyíwọlá ti jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, àti lálẹ́ ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e. Christabel ń ròyìn bí pálọ̀ ṣe ń dán. Láyíwọlá ní orí ń fọ́ òun.

Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù mú Jemilat wọlé, wọ́n ka ìdájọ́ tí Láyíwọlá ti gbọ́ létí ara rẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn tí kò sì sọ fún ìyàwó rẹ̀, pé Jemilat ló jogún ilé náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, pé òun ló sì ni gbogbo ẹrù inú rẹ̀, Jemilat sì jókòó sórí àga tó ti gbẹ, ó ń wo àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe ń kó aṣọ wọn síta.