Màmá Onílé Ní Kó Máa Lọ Sílé Ẹ̀

Onílé ti mú alágbàṣe wá. Ẹ̀rọ ìránṣọ ti wà níta nínú oòrùn.

Aránṣọ na apá méjèèjì, ó fi ara dí ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀. Bí wọ́n bá lé e lónìí, kò síbi tó máa forí pa mọ́ sí.

"Màmá, ẹ ò lè dédé kó ẹrù mi síta. Ẹ fún mi níwèé, kẹ́ ẹ sì fún mi lákòókò. Ilé ẹjọ́ nìkan ló lè lé mi."

Onílé pòṣé. "Ṣé òfin bá mi pọnmi nígbà tí mò ń kọ́ ilé yìí ni?"

Onílàjà tí aránṣọ ránṣẹ́ pè bọ́ sí àárín wọn. "Màmá, ṣé kì í sanwó ilé ni?"

"Ó ń san."

"Ṣé oníjà ni?"

"Kò bá ẹnikẹ́ni jà."

"Kí ló wá dé?"

"Ó nílé. Kó máa lọ sílé ẹ̀. Ẹnu ayé ti sú mi."

Onílàjà kọjú sí aránṣọ. "Àǹtí, bẹ́ ẹ bá nílé, kí lẹ ń jìyà síbí fún?"

Aránṣọ gbé ètè òkè sókè. Eyín mẹ́ta ti ká níbẹ̀.

"Ilé ọkọ mi ni wọ́n ń wí. Ibẹ̀ leyín mi wà."

Onílàjà yíjú padà sí onílé. "Màmá, ẹ wo Ọlọ́run. Ká ní ẹ̀yin lẹ bí i, ṣé ẹ máa ní kó padà síbẹ̀?"

Onílé wolẹ̀.

"Ẹ dá wọn lóhùn, Màmá," ni aránṣọ wí. "Ẹ sọ ẹni tó bí mi fún wọn."