Òkèlè Ìyá Àwẹ̀ró

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi, ìtàn òkèlè kan ni mo gbé wá.

Nílé Ìyá Àwẹ̀ró, bí àgbà ò bá tíì bu òkèlè, ẹnìkan kì í jẹun. Bí iyán ti délẹ̀ nírọ̀lẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí màmá, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọgbẹ́ inú rẹ̀, fọhùn: "Oúnjẹ ọ̀sán ṣì wà níkùn yín. Ẹ má tíì jẹun."

"Oògùn ọgbẹ́ yìí ló ń dá oúnjẹ dúró níkùn mi," ni màmá wí. "Mi ò lò ó mọ́. Mi ò lè febi pa ilé."

Fádérera, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ní, "Ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ bì léṣìí ò tíì tó yín, Ìyá?"

Màmá bu òkèlè, ó fi í sí Fádérera lẹ́nu. "Jẹ ẹ́ ní ipò mi, kí n lè máa lo oògùn mi."

Gbogbo ilé bá wẹwọ́.

Fádérera ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní òkèlè àgbà náà wúwo lẹ́nu òun.