Ìbẹ́pẹ Inú Gàrì

Ní ọdún 1975, Tìrìmísíyù Àkàngbé ń ṣe sitọ́kípà ní ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan. Ìwáyà ló ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Fàósátù ìyàwó rẹ̀, àti Shakirat ọmọ wọn tó ṣì wà lẹ́nu ọmú. Bí kò bá fọwọ́ sí ìwé, agolo ọ̀dà kan kì í jáde ní sítọ̀. Ó máa ń sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí pé kò sí ohun tí a ń tọ́jú pamọ́ tí òun kò mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó gbé ìbẹ́pẹ ńlá kan bọ̀ láti Ìkòròdú. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ kò rí ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe, Nọ́ọ̀sì Mabel tó wà ní yàrá kejì sì ti ní kí wọ́n fún un ní ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Fàósátù yára mú ọ̀bẹ.

"Ọ̀bẹ kẹ̀? Ta ló sọ fún ọ pé ó ti pọ́n?"

"Ẹ fọwọ́ kàn án wò, Bàbá Shakirat. Ó ti dẹ̀."

"Dídẹ̀ kọ́ ni pípọ́n. Oòrùn ọ̀nà ló mú un dẹ̀."

Ó gbé ìbẹ́pẹ náà símú, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ nítòsí ọrùn, ó sì mi orí. Ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó rì í sínú gàrì tó wà nínú páànù ńlá ní ilé ìdáná.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Láràárọ̀ ni n ó máa yẹ̀ ẹ́ wò."

Ìyá Àgbà ń kérora lórí ẹní. "Àkàngbé, inú ń run mí o."

"Ẹ ní sùúrù, Màámi. Èyí tí kò pọ́n á tún dá kún un ni."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó tú u wò. Ó ní kò tíì tó, ó wé e padà, ó sì lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tó fi di ọjọ́ Àìkú, Ìyá Àgbà kò kérora mọ́. Tìrìmísíyù tẹ ìbẹ́pẹ náà, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Fàósátù, wá wò ó. Ó ti le ju ti àná lọ. Ṣé o rí i báyìí pé oòrùn ni?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, sà."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó jọ pé ìbẹ́pẹ náà ti gùn sí i. Ó ṣàlàyé fún Nọ́ọ̀sì Mabel ní àgbàlá pé ooru gàrì ló ń na èso. Mabel bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó sì sáré wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Nígbà tí yóò fi di Ọjọ́bọ̀, Ìyá Àgbà ti ń gbálẹ̀ ojúde, ó ń kọrin. Tìrìmísíyù sọ fún àwọn ará mọ́ṣáláṣí pé sùúrù lásán ni òun fi wo ìyá òun sàn.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan. Àtàǹpàkò rẹ̀ rì wọ ara ìbẹ́pẹ náà.

"Ó jọ pé ó ti tó lónìí."

Fàósátù wo ìyá ọkọ rẹ̀.

"Àkàngbé mi, má kánjú," ni Ìyá Àgbà wí. "Jẹ́ kó di ọ̀la. Ṣebí ìwọ náà lo kọ́ wa ní sùúrù."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. "Ẹ ṣeun, Màámi. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ iyì mi nínú ilé yìí." Ó wé ìbẹ́pẹ náà padà, ó rì í sínú gàrì, ó sì jáde lọ.

Kò tíì dé títì tí Ìyá Àgbà fi hú ìbẹ́pẹ kẹrin jáde, tí ó là á sí méjì, tí ó sì rán Fàósátù lọ sí ọjà Sábó kó lọ ra ìkarùn-ún, kó ṣáà rí i pé ó mú èyí tó le.